Ẹ Fi Àmì Sórí Ọ̀rọ̀ Orin Wa

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún. Ohun tí mo rí ní gbọ̀ngàn kan l'Ékòó lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọrin lọ́jọ́ náà, píánò nìkan ló sì ń gbè é. Kò lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, síbẹ̀ à ń gbọ́ ọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Orin Schubert, ará Austria, ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó dá lórí ẹja kan nínú odò, tó ti wà láti 1817. Ìka atẹpíánò ń ṣàn bí omi tó mọ́ gaara. Nígbà tó di ibi tí apẹja ti rú omi pọ̀ kó lè rí ẹja náà mú, píánò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èdè Jámánì ni, n kò gbọ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ yé mi, torí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé ètò, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tó kan orin Yorùbá, orin mẹ́ta tí olóògbé Ayọ̀ Bánkọ́lé ṣe ní 1959, orúkọ orin nìkan ni mo bá nínú ìwé. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí àmì ohùn. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, na ìka sí "Ja itanna to ntan," ó rọra bi mí létí pé, "Màmá, kí ni itanna? Ṣé wọ́n ń bá a jà ni?" Mo ní rárá, *já* ni, bí a ṣe ń já ewé, àti pé òdòdó ló ń jẹ́ ìtànná. Kí n tó ṣàlàyé tán, orin ti tán. Ó mọ gbogbo ìyà tó jẹ ẹja ará òkèèrè, ìtànná tiwa sì kọjá lára rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Èyí tó wá pa mí lẹ́kún ni "Àdúrà fún Àlàáfíà," tí Bánkọ́lé kan náà ṣe ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà yẹn. Bọ̀ọ̀dá mi wà lójú ogun, alaalẹ́ ni ìyá wa sì ń kúnlẹ̀ lórí ẹní, tí eékún rẹ̀ fi bó. Mo di ojú mi nínú gbọ̀ngàn náà, ẹní yẹn ni mò ń rí. Ọmọ tó jókòó tì mí ń wo omijé mi, kò mọ ohun tí orin ń sọ.

Ekundayo Phillips, tó tẹ dùrù fún Kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962, ti kọ odidi ìwé ní 1953 lórí bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin Yorùbá ṣe so mọ́ra. Abẹ́ rẹ̀ ni Bánkọ́lé ti kọrin ní kékeré. Àwọn wọ̀nyí ṣe wàhálà lórí ohùn. Ẹ̀yin tó ń ṣètò irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ orin wa jáde ní kíkún, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ojú ewé kan péré ló máa gbà. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, èmi yóò bá yín fi bírò kọ àmì náà láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹ máa rán akọ̀ròyìn lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi irú ohùn yìí kọrin Yorùbá wà, a kì í kà nípa wọn nínú ìwé ìròyìn tiwa.

Ìyá akọrin kan,
Abẹ́òkúta.