Ẹ má fi omi iyọ̀ rẹ síkẹ́ẹ̀tì onídíṣáìnì mọ́jú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó ń wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn onídíṣáìnì ńláńlá, pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ àti fíníga rẹ ẹ́ mọ́jú kó má baà ṣá. Àwa tí a ń rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ẹ bá wa sọ ọ́ síta pé ìmọ̀ràn náà kò dára.

Ìgbà tí wọ́n bá ń pa aṣọ òwú láró ni iyọ̀ wúlò, torí ó ń ti aró wọ inú òwú. Tí aṣọ bá ti dé ọwọ́ ẹni tó rà á, iṣẹ́ iyọ̀ ti tán. Fíníga náà kò lè de aró mọ́ òwú. Rírẹ yẹn gan-an ló ń ṣe ọṣẹ́: aró tí kò wọlé dáadáa á tú sómi, á sì lọ lẹ̀ mọ́ ibi tó funfun. Òun ló ń sọ funfun di àwọ̀ eérú.

Kí síkẹ́ẹ̀tì tuntun tó kan omi, ẹ gbé ègé aṣọ funfun tó tutù lé etí rẹ̀ lápá inú, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Tí àwọ̀ bá ran ègé náà, ẹ dá síkẹ́ẹ̀tì yẹn fọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ lo omi tútù àti ọṣẹ olómi tí kò ní bílíìṣì, kó má sì ju ìṣẹ́jú 10 lọ nínú omi. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàn án títí omi fi máa mọ́. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú mìíràn tí wọ́n ń pè ní èyí tó ti ṣá, kò ṣá rárá. Ọṣẹ tí wọn kò ṣàn kúrò ló gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹ tún un ṣàn, ẹ ó rí i.

Ẹ má fún omi ara rẹ̀. Réyọ̀nù, aṣọ tí wọ́n fi èròjà ara igi ṣe, kì í lágbára tó bá tutù, fífún lè fà á ya. Inú táwẹ̀lì ni kí ẹ ká a sí, kí ẹ tẹ omi kúrò, kí ẹ wá sá a síbi tí oòrùn kò ti kàn án tààrà, inú rẹ̀ síta. Áyọ́ọ̀nù náà, ẹ̀yìn aṣọ ni kó máa gbà: kó gbóná dáadáa fún òwú tí kò tíì gbẹ tán, kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún pọ́lísítà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú aṣọ á máa dán bíi pé epo kàn án, dídán yẹn kì í sì í lọ mọ́.

Aṣọ òwú tí wọn kò fọ̀ kí wọ́n tó gé e lè súnkì ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 nínú 100. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e fún télọ̀. Tó bá jẹ́ síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé ní roboto, kó so kọ́ fún wákàtí 24 kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ létí, nítorí àwọn ibi kan máa fà wálẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Kí télọ̀ tẹ́ aṣọ náà sí yín lára níwájú dígí kó tó gé e. Òdòdó tó tóbi bí àwo kò gbọdọ̀ bọ́ sí àárín ìdí. Tí díṣáìnì bá ń padà wá lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ ra 60 kún un fún ègé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ lè bára mu. Télọ̀ tó bá ní kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀ kò fẹ́ ṣe wàhálà ni.

Ní ti wíwọ̀, síkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá. Àwọ̀ tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú fún ẹ̀wù òkè, gbogbo rẹ̀ á wá dà pọ̀. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú, irú ilà tín-ín-rín tó yí òdòdó ká. Kí ẹ̀wù náà mọ sí ìbàdí, tàbí kí ẹ tì í bọ inú síkẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá bọ́ dé itan á gé díṣáìnì sí méjì, á sì sọ ẹni tó wọ̀ ọ́ di kúkúrú. Yẹtí kékeré ti tó.

Bàtà tí ẹ ó fi wọ̀ ọ́ ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọn gígùn rẹ̀. Kí etí rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 ga ju ilẹ̀ lọ, kí láínì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n rán sí inú rẹ̀, sì fi 2 tàbí 3 kúrú sí i, kó má baà yọjú.

Àwa aránṣọ tó ń ka ìwé ìròyìn yín