Kó o tó ra àgọ́ ọ̀gbìn yẹn

Ìgbógbó, Ìkòròdú
Ọjọ́ 22, oṣù Òkúdù

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Winnipeg, ní Kánádà lọ́hùn-ún? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi Bàbá Ìbejì sílẹ̀? Àwa wà dáadáa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò nìkan ni kò jẹ́ ká rímú mí. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń rọ̀. Omi kún ojú ọ̀nà Báyékù, aṣọ tí mo sá sí pálọ̀ níjẹta kò sì tíì gbẹ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, pé o fẹ́ ra àgọ́ ọ̀gbìn, ilé aṣọ kékeré tí a fi ń hu ewéko lábẹ́ gílóòbù nínú ilé, sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yín, kí o lè máa rí ewúro àti ṣọkọ já nígbà yìnyín. Inú mi dùn sí i gan-an. Àwọn àgbà ní láti ara Oko Òdú ni orúkọ Ìkòròdú ti wá. Kò yẹ kí ọmọ ìlú tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀fọ́ máa fi owó gọbọi ra ẹ̀fọ́ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì sanwó. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò sọ fún ọ nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó sì gùn ju èyí tí mo lè sọ tán lórí fóònù.

O mọ̀ pé yàrá ẹ̀yìn, níbi tí Ayọ̀ ń sùn tẹ́lẹ̀, ni mo gbé àgọ́ tèmi sí. Mítà 1.2 ni ìbú rẹ̀, 1.2 ni òró, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Tòmátì àti ata rodo ni mo ń hù nínú tíréè oníhò 128, mo sì ń ta ọmọ wọn fún àwọn tó ń dáko ní Ọ̀dogúnyàn àti Imọ̀ta. Mo gbé iṣẹ́ náà wọlé torí pé níta, òjò á lu ewé wẹ́wẹ́ pa, ìgbín á jẹ ìyókù. Ìgbà ọyẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan sì ń lọ geere. Kódà nígbà yẹn, omi ni mo ń wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ewé má baà gbẹ.

Àfi bí òjò ṣe dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹ̀bìbí, mo fa síìpù àgọ́, omi ṣàn sí mi lọ́wọ́. Gbogbo ara aṣọ fàdákà inú rẹ̀ ń làágùn. Irin òkè ń kán tó, tó, tó sórí ewé. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, tíréè méjì ti lọ. Ìdí wọn, níbi tó ti kan ilẹ̀, rọ̀, ó dúdú, ó sì tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Wọ́n dojú bolẹ̀ nígbà tí ewé orí wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Olóko kan ti san àsansílẹ̀ lórí wọn. Ìyá Ìbejì, mo sunkún.

Mo kọ́kọ́ rò pé omi tí mo ń bu ló pọ̀. Mo dín in kù. Ewé rọ, àgọ́ ṣì ń làágùn.

Ìṣirò ló là mí lójú. Omi tí igi ewéko bá fi gbòǹgbò fà, bíńtín ló ń fi ṣe ara rẹ̀. Nínú 100, ó lé ní 95 tó máa ń gba ojú ihò kéékèèké ara ewé jáde padà sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà mẹ́rin ni mo ń bu fún wọn lójúmọ́, lítà méjì nìyẹn. Wá wo afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gbé e. Ká ní a kó afẹ́fẹ́ sínú àpótí kan tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, tó sì gbóná dé ìwọ̀n 30 lórí Celsius, omi tó lè gbé kò ju nǹkan bí gíráàmù 30 lọ. Gbogbo inú àgọ́ mi kò tó irú àpótí bẹ́ẹ̀ mẹ́ta. Bó kún dé góńgó, kò lè gbé tó gíráàmù 90, omi tí kò kún ife tíì. Níbo ni lítà méjì fẹ́ gbà?

Mo ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde lókè àgọ́, mo sì gbọ́kàn lé e. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àṣé inú yàrá kan náà ló ń tú u sí, èmi náà sì ti ti fèrèsé pa nítorí òjò àti ẹ̀fọn. Èyí tó tú jáde lókè ni ihò ìsàlẹ̀ ń fà wọlé padà. Mo ra ọ̀pá rọ́bà tó ṣeé nà tó ṣeé ká, káfíńtà yọ gíláàsì lúfà méjì, ó fi pákó dí ojú rẹ̀, ó lu ihò sí i, mo ta nẹ́ẹ̀tì sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, ìta ni afẹ́fẹ́ tó kún fún omi yẹn ń bá lọ.

Ìyẹn dín in kù, kò tán an, torí pé òru ni ìṣòro gan-an. Bí inú àgọ́ bá wà ní ìwọ̀n 28, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80 nínú 100, ìyẹn ni pé omi inú rẹ̀ jẹ́ ìpín 80 nínú 100 gbogbo èyí tó lè gbé, ohunkóhun tó bá tutù dé 24 nínú rẹ̀, ìrì á sẹ̀ sí i. Ìwọ̀n mẹ́rin péré! Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo máa ń pa gílóòbù nígbà yẹn. Àgọ́ sì fara ti ògiri ìta tí òjò ń nà. Mo sún un kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Lẹ́yìn náà mo ro ti gílóòbù. Ní òru òjò, afẹ́fẹ́ ìta ibí fúnra rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin; kò sí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí fáànù lè lọ fà wá. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ tó wà ní ìwọ̀n 27, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 85, bá wọlé, tí ooru gílóòbù gbé e dé 30, ọ̀rinrin yẹn á bọ́ sí nǹkan bí 72, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán omi kan kò kúrò nínú rẹ̀. Torí bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ni àyè tó ní fún omi ṣe ń pọ̀ tó. Mo bá yí àsìkò padà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tan gílóòbù, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ń pa á, wákàtí 16. Ọ̀sán gangan ni àwọn tòmátì mi ń sùn. Àárọ̀ kùtù ni mo sì ń bomi rin wọ́n, kí ojú ilẹ̀ wọn lè gbẹ díẹ̀ kí gílóòbù tó kú.

Bí iná bá lọ lóru ńkọ́? Gílóòbù kú, fáànù kú, àgọ́ di ìkòkò mọ́ínmọ́ín tí wọ́n dé pa. Mo ra fáànù kékeré tó ń lo bátìrì, mo gbé e sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má dúró sójú kan láàárín ewé. Bí mo bá ti gbọ́ tí ilé dákẹ́, mo máa ń dìde lọ ṣí síìpù. Bàbá Ayọ̀ ní mo ti di ìyá ìkókó padà.

Má gba ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin gbọ́ láìdán an wò. Bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, kán omi sí i kó rí bí ẹrẹ̀, má jẹ́ kó yòrò tán. Kó òun àti ẹ̀rọ sínú ike tó dé pinpin, ó di ọjọ́ kejì. 75 ló yẹ kó kà. Tèmi ka 66! Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo wà ní 70, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 80.

Tìrẹ máa yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà ní ìwọ̀n òdo kò lè gbé tó gíráàmù 5 omi nínú àpótí tí tiwa ti ń gbé 30, èyí tó bá sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbé tó ìyẹn. Nígbà yìnyín, afẹ́fẹ́ ìta yín á mú àgọ́ gbẹ kíákíá, bóyá kó tiẹ̀ mú un gbẹ jù. Ògiri abẹ́ ilẹ̀ yẹn ni kí o bẹ̀rù. Má jẹ́ kí àgọ́ kàn án, sì fi pákó sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá tó ń gbé afẹ́fẹ́ jáde, fi nǹkan tó nípọn wé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀, á sì ṣàn padà sórí fáànù. Má tú u sínú ilé tàbí sí òkè àjà. Ṣé o rántí fèrèsé tí o ní ó ń ṣomi ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, tí dúdú dúdú hù sí igun rẹ̀? Ohun kan náà ni. Ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ lè wúlò fún ọ, torí pé ooru tó ń tú jáde kò ní yọ yín lẹ́nu lọ́hùn-ún. Níbí, ooru yẹn àti owó iná rẹ̀ ju agbára mi lọ.

Tíréè tó wà nínú àgọ́ báyìí pé ọjọ́ 19 lónìí. Ìdí wọn le, wọ́n dúró ṣánṣán. Lọ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ti ògiri abẹ́ ilẹ̀ yẹn ní òru méjì, kí o kọ ohun tó kà sílẹ̀ fún mi. Sọ ibi tí fèrèsé wà àti bó ṣe jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tó. Ìgbà náà la ó jọ mọ ìwọ̀n àgọ́ tí wàá rà.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì bá mi kí Táyé àti Kẹ́hìndé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Ayọ̀