Iṣẹ́ ọwọ́ Gilchrist ńkọ́?

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Adam Gilchrist, ìlúmọ̀ọ́ká kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Australia, lójú ewé eré ìdárayá yín. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti òkè délẹ̀, báàtì, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, nìkan lẹ ń sọ: òun lẹni àkọ́kọ́ tí síìsì rẹ̀ (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ààlà pápá láìbalẹ̀) pé 100 nínú Test (ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè), òun ló gba àmì ayò 149 tó fi da omi tútù sí Sri Lanka lọ́kàn ní àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 2007. Àfi bí ẹni pé ńṣe ló kàn ń gba atẹ́gùn lẹ́yìn igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Kípà ni ọkùnrin náà, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn igi láti mú bọ́ọ̀lù! Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù ló gbọ́dọ̀ lóṣòó dè. Bí Brett Lee, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yára bí àṣá, bá ń jù ú, á sún sẹ́yìn réré. Bó bá kan Shane Warne, tó ń rọra jù ú kó lè yí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ igi. Bọ́ọ̀lù á balẹ̀, á ṣẹ́rí gba ibòmíràn, ẹni tó di báàtì mú á tún dí i lójú. Bó ṣe máa ń wà nìyẹn látàárọ̀ dalẹ́.

Ọwọ́ Ian Healy, kípà Australia tẹ́lẹ̀, ló ti gba ipò yẹn ní 1999, ní Brisbane tó jẹ́ ìlú Healy gan-an, àwọn òǹwòran ò sì tújú ká sí i. Lójú tèmi, ọwọ́ Healy já fáfá ju tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú Test 96, èèyàn 416 ni Gilchrist bá wọn lé kúrò lórí pápá, yálà ó mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kó tó balẹ̀ tàbí ó fi bọ́ọ̀lù wó igi wọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu pé ẹ fò ni bó ṣe fẹ̀yìn tì. Ní January 2008, wọ́n ń bá India gbá a ní Adelaide. Ìdíje yẹn ló ti kọjá iye tí Mark Boucher ọmọ South Africa ní, tó di kípà tó léèyàn jù lágbàáyé nígbà náà. Ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù tí VVS Laxman ọmọ India gbá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí kò le láti mú. Ó kọjú sí Matthew Hayden, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nítòsí, ó ní eré òun parí. Ìdíje ò tíì tán tó fi kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Báàtì kọ́ ló lé e lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún máa kọ̀wé nípa kípà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí iye tó mú.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn