Tíṣà tí a gbà sílé kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bàbá kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àṣejù olówó ni kéèyàn gba tíṣà tí yóò máa bá ọmọ gbélé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n aṣọ lèmi ń tà ní Gbági Tuntun, n'Ìbàdàn níbí, a kì í ṣe olówó. Ọ̀rọ̀ Táíwò wa ló mú wa gba tíṣà sílé.

Ìbejì ni mo bí. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀, máàkì wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àfi ìgbà tí wọ́n dé pírámárì mẹ́ta tí iléèwé pín wọn sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ni Táíwò bá ń gba òdo. Tíṣà kan pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì, làwọn ọmọ bá ń kọ "olódo rabata" tẹ̀ lé e délé. Tó bá ti di àárọ̀ Mọ́ńdè, inú á máa run ọmọ mi.

A gba tíṣà lẹ́sìn. Agogo mẹ́rin ló ń dé, á bá wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á sì gun ọ̀kadà lọ sílé ọmọ mìíràn. Iṣẹ́ àṣetiléwá ń pé, àmọ́ òdo ò kúrò nínú ìdánwò.

Ẹ̀yìn ìyẹn la rí ọmọbìnrin Ìsẹ́yìn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE, tó ń wá ibi tí yóò máa gbé. Kò tíì pẹ́ tó dé tó fi kíyè sí i nídìí oúnjẹ àárọ̀ pé Kẹ́hìndé ń ka ara agolo mílíìkì, Táíwò sì ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e bíi pé òun náà ń kà á. Àǹtí ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, ó pe Táíwò nìkan, ó ṣí ìwé kíkà wọn fún un. Ọmọ kà á tán, kò ṣi ẹyọ kan. Àǹtí wá fi pépà bo àwòrán ojú ewé mìíràn, ó ní kó ka ìyẹn náà. Táíwò dákẹ́, omijé bọ́. Ẹnu ìkejì rẹ̀ ló ti há gbogbo ìwé náà sórí, àwòrán ló sì fi ń mọ ojú ewé tó wà. Ta ni ì bá mọ̀, láìjẹ́ pé ó ń bá wọn jẹun, tó ń bá wọn jí?

Yorùbá ló kọ́kọ́ fi kọ́ ọ ní kíkà, ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 20 lálẹ́, Kẹ́hìndé á sì wà lọ́dọ̀ mi ní kíṣìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé Yorùbá la ń sanwó fún ni. Àǹtí ṣàlàyé fún wọn pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì n'Ífẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an rèé. Ọ̀pọ̀ ló ń gba irú ọmọbìnrin yìí sílé, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Á fọṣọ, á pọnmi, nígbà tó bá fi máa kan ìwé, oorun ti ń kùn ún. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, a gba onídùúró, a sì kọ àdéhùn sílẹ̀: yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, owó rẹ̀ lópin oṣù, Sunday jẹ́ tirẹ̀, kò sì ní í ṣiṣẹ́ ilé. Inú bí ìyá ọkọ mi pé ọmọdé jókòó, àgbà ń gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, tíṣà Táíwò ni."

Táíwò ti ń kàwé báyìí. Kò tíì yá bíi Kẹ́hìndé, ó sì máa ń dúró níbi ọ̀rọ̀ gígùn, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á. Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ bá wa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí Kẹ́hìndé ò tíì kà rí ni Táíwò ń wá.

Ìyá Ìbejì,
Gbági Tuntun, Ìbàdàn