Bọ̀sẹ̀, ìwé ọmọ oníjó kan ló rán mi létí ẹ

Bọ̀sẹ̀ tèmi,

Ṣé dáadáa ni? Bàbá Tólú ńkọ́? Má bínú pé mi ò tíì dá ẹ lóhùn, iṣẹ́ alẹ́ àti òtútù ibí ló dá mi dúró, ọ̀rọ̀ yìí náà ò sì ṣeé fi fóònù sọ, ẹkún ló máa gbà á lẹ́nu mi.

Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ijó bálẹ̀ẹ̀ ní Sátidé, ni mo bá bá a ra ìwé mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Lorna Hill ló kọ wọ́n, àkọ́kọ́ ń jẹ́ A Dream of Sadler's Wells, 1950 ló jáde, nígbà tó fi máa di 1964 àwọn ìwé náà ti pé 14. Ọmọ ni mo rà á fún o, èmi ni mo wá ń kà á nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tí mo ti máa bọ́ọ́lẹ̀!

Veronica lorúkọ ọmọ inú ẹ̀. Ó ń kọ́ ijó ní Lọ́ńdọ̀nù, bàbá ẹ̀ bá kú, ó di ọmọ òrukàn, wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Northumberland lókè lọ́hùn-ún lẹ́bàá Scotland, ilé olówó, ilé ẹlẹ́ṣin, kò sóhun tí wọn ò ní àfi ẹni tó ka ijó sí iṣẹ́. Fiona ọmọ ilé yẹn, ẹnu ẹ̀ ta bí ata. Ìyàwó àlùfáà ni Lorna Hill fúnra ẹ̀, apá ibẹ̀ náà ló ń gbé, ọmọ tiẹ̀ gan-an sì lọ kọ́ ijó ní iléèwé Sadler's Wells. Mo rò pé àárò ọmọ ló ń fi ìwé pa jàre. Iléèwé yẹn ló di Royal Ballet School ní 1956, àwọn kékeré inú ẹ̀ wà ní White Lodge nínú Richmond Park, tèmi ti ń bi mí bọ́ọ̀sì wo ló ń débẹ̀. Bàtà ẹ̀ ni mo ṣì ń rán rọ́bà sí lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ti gún mi níka lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó mú mi ni ibi tí Veronica ti gun ẹṣin gba inú kùrukùru, òun àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sebastian, kó lè bá reluwé Lọ́ńdọ̀nù torí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ ijó ẹ̀ wò. Mo pa ìwé dé. Mọ́lété ni mo rí, ilé àǹtí ẹ, ọjọ́ ìdíje, bọ́ọ̀sì iléèwé ń fọn hóònù, ìwọ ti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí tán, àǹtí ní kí o bọ́ ọ kí o lọ lọ ata. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ẹ ṣì wà lórí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó mẹ́ṣin wá. Èmi ni wọ́n fi sípò ẹ, mo sì wọ bọ́ọ̀sì kíá, mi ò bá ẹ bẹ àǹtí, mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, mo lọ ba bàtá jẹ́ lójú gbogbo ayé. Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, Bọ̀sẹ̀, má bínú.

Mo máa fi ìwé àkọ́kọ́ rán ẹni tó ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà. Tólú ló ni ín, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́kọ́ kà á, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá sì ṣe ìgbéyàwó àbúrò ẹ, ní kí wọ́n ká ẹ sí fídíò níbi tí o ti ń jó, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n ká o, kì í ṣe gèlè.

Tìẹ ni,
Rónkẹ́