Nóòtù kọ́ ló yẹ ká fi pàdé ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ iléèwé ìwòyí. Báólọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn SS1 níbí ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí.

Ó pẹ́ tó jẹ́ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sáà, ìtumọ̀ báólọ́jì ni mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù, táwọn ọmọ á máa dà á kọ. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, tí mo bá bi wọ́n ní nǹkan, ilẹ̀ ni wọ́n máa wò. Mo gbìyànjú àyípadà láàárín sáà kan, ni wọ́n bá ní, "Sà, ẹ kàn fún wa ní nóòtù." Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, mílíìkì màlúù àti ewé bòmubòmu ni mo gbé wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ló wà nínú ewé yìí tó ń sọ mílíìkì di wàrà? Ẹnì kan ní kíkorò rẹ̀ ni, ẹlòmíì ní iná ni. Mo ní kí kálukú kọ tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbọ́ ti ẹnìkejì. A wá gbé ife mẹ́ta kalẹ̀: mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán, èyí tó ní oje ewé, àti èyí tó ní oje tí a ti sè dáadáa. (Èmi ni mo fún oje náà, kò gbọdọ̀ ta sí ọmọ lójú.) Ife kejì nìkan ló dì. Ariwo sọ! "Kí ni iná bà jẹ́ nínú oje ọ̀hún?" Àwọn ló béèrè, kì í ṣe èmi, ibẹ̀ la ti bá ẹ́ńsáìmù pàdé, ìyẹn èròjà inú ohun ẹlẹ́mìí tó ń mú kí àyípadà tètè wáyé, tí iná sì lè bà jẹ́. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣe wàrà tà ní Ọjà Ìpàtà ní ewé kì í pọ̀ jù, kó má baà korò. Òun ni tíṣà wa lọ́jọ́ náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní sílébọ́ọ̀sì ò ní parí. Ṣé ká parí ẹ̀ kí ọmọ sì fìdí rẹmi? Lọ́dún 2014, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Scott Freeman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 225 jọ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, bí 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá sí i, bí 22 ni.

Tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá ráàyè, kó yà sí kíláàsì wa. Kó bá wa ra mílíìkì bọ̀ o, owó ẹ̀ ti wọ́n.

Olùkọ́ báólọ́jì kan,
Ìlọrin