Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Hamburg

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùmù. O kú òtútù o. Mo rí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọlọ́dún méjì ní Hamburg tí o fi ránṣẹ́ pé kí n kọ, mo sì kà á dé ìsàlẹ̀. Owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ dára, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n ròyìn ohun tó so mí mọ́ Èkó.

Kì í ṣe iṣẹ́ yunifásítì. Kíláàsì ń bẹ, ìwé ìdánwò tí a ó máa máàkì ń bẹ, jọ́nà tó ní kí o sanwó kó tó tẹ iṣẹ́ rẹ jáde náà ń bẹ. O mọ gbogbo ìyẹn.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni, àdúgbò kan ní Erékùṣù Èkó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó, kúrò lórí oyè lọ́dún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, kò sì padà dé Èkó àfi ní 1862. Àwọn tó bá a padà, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, ló tẹ ibẹ̀ dó. Bàbá kan ní àdúgbò náà ní àpótí ìwé tí bàbá bàbá wọn fi sílẹ̀. Lẹ́tà olóǹtẹ̀ tí mo gbà ní yunifásítì, Bàbá ò tilẹ̀ ṣí i. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ ní kéú?" Mo dárúkọ àlùfáà wa ní Agége. Wọ́n fa ìwé òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan yọ, ti ìlànà Màlíkì, tí àlàyé wínníwínní kún etí rẹ̀, wọ́n ní kí n kà á sókè kí n sì túmọ̀ rẹ̀. Mo ka orí sàká títí wọ́n fi ní ó tó. Ìgbà tí mo wá fi kún un pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi, wọ́n pe ọmọ wọn pé kó gbé àpótí náà wá.

Ìyá Ìbejì, ìwé ogún pípín wà níbẹ̀, ìwé gbèsè, wáàsí, àdúà aboyún, àti Yorùbá tí wọ́n fi ìkọ̀wé Lárúbáwá kọ. Ìyẹn ló ń jẹ àkókò jù. Lárúbáwá ò ní p, kò ní gb, kò sí àmì ohùn. Kálukú ló dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ìgbà mìíràn, àfi kí n kà á sí Bàbá létí kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Àwọn àlùfáà kan tó ń wá kí wọn a máa bèèrè ohun tí obìnrin ń wá nínú ìwé àwọn àgbà. Bàbá ló ń dá wọn lóhùn, mi ò ní kọ èsì náà síbí.

Wo Mọ́sálásí Shitta-Bey. Gbogbo wa la mọ̀ pé 1894 ni wọ́n ṣí i, pé Abdul Hamid, Súltáánì ilẹ̀ Tọ́kì, fi oyè Bey dá Mohammed Shitta tó kọ́ ọ lọ́lá, pé Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ìsìláàmù ní Liverpool, ló wá ṣojú Súltáánì. A mọ̀ ọ́n nítorí pé àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà gbé e. Ta ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ládùúgbò náà? Bí àwọn ìyàwó olóògbé bá ń jà sí ilé, ta ló ń là wọ́n, ìwé wo ló sì ń wò? Irú àpótí yìí ló lè sọ. Lójú tèmi, àwa tí à ń kọ ìtàn Mùsùlùmí Èkó ti gbọ́ ti fáìlì ìjọba jù.

Ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde nílé náà, mo sì fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé mo ń wọ rélùwéè Red Line láti Agége dé Oyíǹgbò, màá wá wọ dáńfó gba orí afárá Carter dé Ìdúmọ̀tà. Fóònù ni mo fi ń ya ìwé. Omi òrùlé ti dé ara òmíràn, ìkán sì ti jẹ lára wọn.

Nípa fọ́ọ̀mù rẹ, mi ò lè fi ibí sílẹ̀ fún ọdún méjì. Bàbá ti dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ bá lè gbà mí fún oṣù mẹ́ta péré, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé tí omi ti bà jẹ́, màá wá. Bá mi bi wọ́n. Tún bá mi wo irú iná tí ẹ fi ń ya ìwé tí tàdáwà rẹ̀ ti ṣá, torí òjìji ọwọ́ mi ń bọ́ sórí gbogbo fọ́tò. Oníbátìrì ni kí o wá o. Ó jọ pé o ti gbàgbé NEPA.

Bá mi kí Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí o sì kí bàbá wọn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Agége